Wọ́n Rí Kókó Nínú Kíndìnrín Bàbá, Wọn Ò Sì Lè Gba Kọ́ńtráàsì: Kí Ni MRI Lè Sọ Fún Wa?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, Dókítà. Mọ́kọ́lá ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá mi pé ẹni ọdún 67 lọ́dún yìí. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra, ìtọ̀ ṣúgà sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Inú ló ń run wọ́n tí a fi ní kí wọ́n lọ ṣe síkáànù ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí kókó kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 3 lára kíndìnrín òsì. Dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe CT (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi X-ray yà) oníkọ́ńtráàsì, ìyẹn òògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan kí àwòrán lè hàn kedere, àmọ́ nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde, eGFR wọn jẹ́ 29, ilé àyẹ̀wò bá ní àwọn ò lè fún wọn ní kọ́ńtráàsì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì sọ pé MRI kan wà tó ń wo bí kókó ṣe ń ṣiṣẹ́ láìfi òògùn kankan sínú iṣan. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni? Ọkàn wa ò balẹ̀ rárá.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.

Òótọ́ lọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín sọ. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, lè yẹ kókó inú kíndìnrín wò láìsí kọ́ńtráàsì, ohun tó sì ń sọ fún wa ju bí kókó náà ṣe tóbi tó lọ. Ó lè sọ bí omi ṣe ń rìn láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ inú rẹ̀ tó, àti bóyá ọ̀rá wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹlẹ́rìí ni MRI yìí. Ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀rí rẹ̀ á tó ká fi dájọ́, ìgbà mìíràn sì wà tí a ó ní láti pe ẹlẹ́rìí kejì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti ibi tí kò ti tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí 29 yẹn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. eGFR ni ìṣirò bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé asẹ́ tó bá ti dí, omi kì í tètè jáde níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá sábà máa ń ní 90 sókè. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 30, ìpele kẹrin nínú ìpele márùn-ún àìsàn kíndìnrín nìyẹn. Áyódíìnì ló wà nínú kọ́ńtráàsì tí wọ́n ń lò fún CT, kíndìnrín náà ló sì máa gbé e jáde. Èyí tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè tún rẹ̀ sí i. Kọ́ńtráàsì ti MRI yàtọ̀, gadolíníọ̀mù ni tiẹ̀. Ní 2006, àwọn dókítà ní Yúróòpù kíyè sí i pé àwọn aláìsàn kan tí kíndìnrín wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì gba gadolíníọ̀mù, awọ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi, oríkèé wọn ò sì ṣeé ká mọ́. NSF ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé, ó sì tọ́ kó bà wọ́n.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pa àwọn oríṣi tó ń fa wàhálà jù tì ní ibi púpọ̀. Àwọn oríṣi tuntun, tí gadolíníọ̀mù inú wọn wà nínú àgò tó dì mọ́ra gírígírí, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí wọ́n tó fa NSF. Nítorí náà, ẹ má gbà pé kọ́ńtráàsì ti di májèlé fún Bàbá títí láé. Bó bá di dandan, tí dókítà kíndìnrín sì fọwọ́ sí i, wọ́n ṣì lè fún wọn ní oríṣi tuntun yẹn níwọ̀nba. Ilé àyẹ̀wò tó ní kí ẹ dúró ná ṣe ohun tó yẹ. Ohun tó ń dùn mí ni ti àwọn ìdílé tí wọ́n gbọ́ pé kọ́ńtráàsì ò ṣeé ṣe, tí wọ́n gbé ìwé padà sílé, tí wọ́n sì jókòó tì í fún ọdún kan àbọ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ṣe lè rí gbogbo èyí láìfún èèyàn lábẹ́rẹ́? Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa, háídírójìn sì wà nínú gbogbo ẹ̀kán omi. Òòfà inú ẹ̀rọ MRI á mú kí háídírójìn wọ̀nyí tò; òòfà 1.5 Tesla lágbára tó ìlọ́po 30,000 òòfà ilé ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì. Ẹ̀rọ á wá fi ìgbì rédíò kàn wọ́n, wọn á sì dáhùn. Ìdáhùn yẹn la fi ń ya àwòrán. Kò sí ìtànṣán X-ray níbẹ̀ rárá. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ọ̀nà oríṣiríṣi láti bi omi kan náà léèrè ọ̀rọ̀ ni.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún kíndìnrín ni èyí tí wọ́n ń pè ní DWI. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé tó kù díẹ̀ kí ọdún Iléyá pé. Tí ẹ bá ní kí ọmọ kan gbéra láti ìsọ̀ aláta, kó sáré lọ síbi tó bá wù ú fún ìṣẹ́jú kan péré, ibi tó máa dé ò ní jìnnà. Èrò á dí i, ọmọlanke á dí i, àgbò á dí i. Ẹ wá mú ọmọ kan náà lọ sí pápá Adámásìngbà lọ́jọ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù, ẹ ní kó sáré fún ìṣẹ́jú kan kan náà. Ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ọwọ́ bojú wò ó ni. Bí omi ṣe ń ṣe nínú ara nìyẹn. Gbogbo ìgbà ló ń ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún. Nínú kíndìnrín tó dára, ó ń rí ọ̀nà lọ. Nínú àpò omi lásán, ọ̀nà ti là fún un pátápátá. Àmọ́ nínú kókó tí sẹ́ẹ̀lì ti há mọ́ra bí èrò inú Micra, omi ò rí ibi lọ. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni dókítà ará Faransé kan, Denis Le Bihan, gbé ọ̀nà tí a fi ń wọn èyí lára èèyàn kalẹ̀. Nọ́ńbà tó ń jáde níbẹ̀ là ń pè ní ADC: bó bá wálẹ̀, omi há, bó bá lọ sókè, omi ń rìn fàlàlà.

Ọgbọ́n kejì ni ASL, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1992. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú kókó ló ń wọ̀n. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn kan, tí ẹ fẹ́ mọ iye àlejò tó ń wọlé, ẹ lè dúró sẹ́nu géètì kí ẹ máa dé fìlà aláwọ̀ kan náà fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ inú gbọ̀ngàn lọ ka fìlà. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nìyẹn. Ó ń fi ìgbì rédíò sàmì sí ẹ̀jẹ̀ nínú òpójẹ̀ ńlá tó ti ọkàn sọ̀kalẹ̀ wá sínú ikùn, ó dúró díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ náà dé kíndìnrín, ó ya àwòrán. Ó tún ya òmíràn tí kò sàmì sí, ó sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ohun tó kù ni ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá fúnra rẹ̀ ló di kọ́ńtráàsì. Ẹ dárí jì mí tí inú mi bá ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́; ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwòrán inú ara, ọgbọ́n yìí ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Kíndìnrín tilẹ̀ bá ASL mu ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara lọ, torí pé kíndìnrín méjèèjì ló ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, nǹkan bíi lítà 1 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àmì náà kì í pẹ́ parẹ́. Kó tó tó ìṣẹ́jú-àáyá 5, ó ti tán. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe é ní àṣetúnṣe kí ohun tó hàn tó dá wa lójú, ẹ̀rọ tó bá sì rọ kò lè ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni wíwá ọ̀rá. Ìdáhùn háídírójìn inú ọ̀rá máa ń lọ́ra díẹ̀ ju ti inú omi lọ, bí akọrin méjì tí ìkan ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí ohùn wọn bá bọ́ sí ojú kan náà, àwòrán á mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ta kora, ibi tí ọ̀rá àti omi ti dàpọ̀ á ṣókùnkùn. Kò gba àkókò, kò gba owó lọ́tọ̀, ìgbà púpọ̀ ló sì jẹ́ pé òun ló máa fún wa ní ìdáhùn tó dájú jù.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rí wọ̀nyí ka iwájú kókó Bàbá.

Bó bá jẹ́ àpò omi lásán, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà, á mọ́lẹ̀ bí omi lórí àwòrán tí wọ́n ń pè ní T2, ara rẹ̀ á dán, ADC rẹ̀ á ga. Ọ̀rọ̀ parí, ẹ lọ sùn. Bí ọ̀rá gidi bá wà nínú rẹ̀, angiomyolipoma ló sábà máa ń jẹ́, kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, a máa ń ṣọ́ ọ torí pé ó lè ṣẹ̀jẹ̀, àmọ́ ti Bàbá kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ibi méjì yìí, ẹlẹ́rìí yìí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Bó bá jẹ́ kókó tó ki, ọ̀rọ̀ á gùn. Ẹ mọ̀ pé nínú gbogbo kókó kíndìnrín tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ tí wọ́n gé jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Nínú àwọn tó jẹ́ jẹjẹrẹ, oríṣi tí wọ́n ń pè ní clear cell ló pọ̀ jù, nǹkan bí 70 sí 75 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ASL á tàn yòò. Ó máa ń mọ́lẹ̀ lórí T2. Ọ̀rá wẹ́wẹ́ sì lè wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Oríṣi tó tẹ̀lé e ni papillary, nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100. Òdìkejì ni ti papillary: ó máa ń ṣókùnkùn lórí T2, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kéré, ADC rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ gan-an.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí papillary, torí Bàbá ni mo ń rò. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ìpín papillary pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì wọ́pọ̀ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kú lọ. Ẹ wá wò ó: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò lè gba kọ́ńtráàsì gan-an ni kókó irú yìí sábà máa ń bá. Papillary kì í sì í fa kọ́ńtráàsì mu dáadáa, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti kéré jù. Nígbà mìíràn, lórí CT oníkọ́ńtráàsì tí gbogbo èèyàn ń lé kiri, ó máa ń jọ àpò omi. DWI ni kì í fi í pamọ́, torí omi há nínú rẹ̀, ADC á sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka MRI aláìlábẹ́rẹ́ sí ohun tí à ń fún ẹni tí kò rí èyí tó dára gbà. Fún Bàbá, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àní bí eGFR wọn bá jẹ́ 50.

Ibi tí ẹ̀rí náà ti ń rọ nìyí. Kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní oncocytoma, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ bíi ti clear cell. Lórí ASL, àwọn méjèèjì lè tàn bákan náà. Àwọn angiomyolipoma kan tún wà tí ọ̀rá inú wọn kéré débi tí ẹ̀rọ ò fi rí i. Wọ́n máa ń ṣókùnkùn lórí T2, ADC wọn á sì wálẹ̀, wọn á wá jọ papillary. Oówo inú kíndìnrín náà máa ń há omi mọ́ra, torí pé ọyún ki. Fún ìdí yìí ni mo ṣe máa ń bèèrè bóyá ibà ń ṣe aláìsàn, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sínú ìwé. Kò sì sí nọ́ńbà ADC kan tó jẹ́ ààlà fún gbogbo ayé. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kan bá gbé jáde, ẹ̀rọ mìíràn lè gbé òmíràn jáde lára ẹni kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní torí ADC jẹ́ báyìí, jẹjẹrẹ ni láìsí tàbí-ṣùgbọ́n, ẹ bi í pé báwo ni ADC apá kíndìnrín tó dára ṣe rí lórí ẹ̀rọ kan náà. Fífi wọ́n wé ara wọn ló ń sọ òótọ́.

Ẹ̀gbọ́n yín lè tún dárúkọ BOLD, ọgbọ́n MRI mìíràn tí Seiji Ogawa, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1990. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀ máa ń da ojú òòfà rú díẹ̀, a sì lè fi èyí mọ ibi tí ọ́síjìn kò tó. Fún kókó, mo ka èyí sí iṣẹ́ àwọn olùwádìí ná, mi ò ní kí ẹ sanwó fún un. Àmọ́ ó ti fi nǹkan kan hàn wá kedere: àárín gbùngbùn kíndìnrín, ibi tí ìtọ̀ ti ń ki, kì í ní ọ́síjìn púpọ̀ kódà lára ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ìyẹn ló mú mi rántí ohun tí ẹ ò béèrè, àmọ́ tí mi ò lè fò dá, torí pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń ka irú ọ̀rọ̀ báyìí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ wa ló jẹ́ AS. Ní àárín kíndìnrín tí ọ́síjìn ò pọ̀ sí yẹn, ẹ̀jẹ̀ AS pàápàá lè tẹ̀ bíi ti SS, èèyàn á sì máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmọ́ jẹjẹrẹ kan wà, renal medullary carcinoma, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró ní 1995, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ AS nìkan ló ń bá jà. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì yára bí iná ọyẹ́. Mo ka àwòrán ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 25. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi tọ́jú àtọ̀sí ajá fún un níbì kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé síkáànù lé e nínú. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ́ tó bá jẹ́ AS, tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n ṣe síkáànù kíndìnrín fún un lọ́sẹ̀ yẹn náà.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ilé àyẹ̀wò tí ẹ bá fẹ́ lọ ni pé Tesla mélòó ni ẹ̀rọ wọn. Ẹ má tijú. Òòfà ẹ̀rọ 1.5 tàbí 3 Tesla sábà máa ń wà nínú hílíọ̀mù olómi, tí òtútù rẹ̀ tó ìwọ̀n 269 sísàlẹ̀ òdo lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ tó ń mú un tutù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì tètè gbà á, hílíọ̀mù olówó iyebíye á bẹ̀rẹ̀ sí í di ooru lọ. Ẹ mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe wá. Ìdí nìyẹn tí ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà fi ra ẹ̀rọ tí òòfà rẹ̀ kò tó Tesla kan, tí kò nílò hílíọ̀mù. Ẹ̀rọ gidi ni, ó dára fún eegun ẹ̀yìn àti orúnkún, ó sì lè fi àpò omi àti ọ̀rá hàn nínú kíndìnrín. Fún ADC kókó tó tó sẹ̀ǹtímítà 3, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Fún ASL, ẹ má tilẹ̀ dà á láàmú. Bó bá gbà pé kí Bàbá lọ síbi tó jìn díẹ̀ láti rí 1.5 Tesla, ẹ lọ.

Ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé MRI kíndìnrín láìsí kọ́ńtráàsì ni, pẹ̀lú T1, T2, àwòrán ọ̀rá, àti DWI tó ní ADC. Fún DWI, kí ìwọ̀n b (bí ẹ̀rọ ṣe ń fojú sí ìrìn omi tó) tí wọ́n máa lò ju ẹyọ kan lọ, kí èyí tó ga jù tó 800. Bí ẹ̀rọ wọn bá ní ASL, kí wọ́n fi kún un. Bí kò bá ní, kí ẹ má banú jẹ́; àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ń ṣe ìdá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Nǹkan tí àwọn èèyàn ò kà sí, tó sì ń ba àwòrán jẹ́ ju gbogbo ohun mìíràn lọ, ni èémí. Bí a bá ṣe ń mí ni kíndìnrín ń lọ sókè sódò, ó lè rìn tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kókó Bàbá kò sì ju 3 lọ. Ìyá àgbà kan wá sọ́dọ̀ wa, àwòrán tí a yà fún wọn níjọ́ àkọ́kọ́ rí bí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ nù. Wọ́n sunkún, wọ́n rò pé àwọn ló ṣe àṣìṣe. A ní kí wọ́n lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa fi ìdánwò há èémí. Ọmọ ọmọ wọn ló ń bá wọn kà á. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n há èémí fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 láìyẹsẹ̀, a sì rí gbogbo etí kókó náà bí ẹni rí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ bá Bàbá ṣe é nílé: kí wọ́n mí síta, kí wọ́n dúró, kí ẹ ka 15. Èémí tí a bá mí síta tán máa ń fi kíndìnrín sójú kan náà ju èyí tí a fà símú lọ. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ń pariwo gan-an, wọn á fi nǹkan dí wọn létí, ó sì lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45.

Lórí ọ̀rọ̀ irin, ẹ wá ibi kọ́lọ́fín bá wọn sọ ọ́, kí ìtìjú má bàa pa wọ́n lẹ́nu mọ́ níwájú nọ́ọ̀sì. Ṣé wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù? Ṣé wọ́n ti ṣọdẹ rí, tí ọta ìbọn sì kù sára wọn? Ṣé òrùka, ońdè tàbí ìgbàdí kan wà lára wọn tí irin wà nínú rẹ̀? Òòfà yẹn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó sì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ kódà nígbà tí kò bá sí àwòrán tí wọ́n ń yà.

Nígbà tí èsì bá jáde, ọ̀dọ̀ dókítà kíndìnrín àti dókítà oníṣẹ́ abẹ ìtọ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, kí àwọn méjèèjì jọ rí i. Ní UCH ní Òrìta-Mẹ́fà, ẹ ó bá oríṣi dókítà méjèèjì. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n ni pé kí ni èsì yìí máa yí padà. Bó bá ṣì ń ṣe iyèméjì, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fà díẹ̀ lára kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlẹ́rìí kejì tí mo sọ nìyẹn, kíndìnrín kì í sì í bínú sí i bó ṣe ń bínú sí áyódíìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Bó bá jọ jẹjẹrẹ, ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ: wọ́n lè gé kókó nìkan kí wọ́n fi kíndìnrín sílẹ̀, wọ́n lè fi iná tàbí yìnyín pa á, wọ́n sì lè máa ṣọ́ ọ. Kókó kéékèèké irú èyí kì í sábà dàgbà ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ lọ́dún. Fún ẹni tí eGFR rẹ̀ jẹ́ 29, yíyọ odidi kíndìnrín kan lè gbé e dé ẹnu fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́rọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n yọ gbogbo kíndìnrín òsì torí síkáànù àkọ́kọ́ yẹn nìkan, ẹ ní kó ní sùúrù, kí ẹ gba ìmọ̀ràn dókítà mìíràn.

Ní báyìí ná, kí Bàbá yẹra fún àwọn òògùn ara ríro bíi Ibuprofen àti Diclofenac, kí wọ́n sì gbé gbogbo àgbo tí wọ́n ń mu lọ fi han dókítà kíndìnrín láìfi ìkan pamọ́. Mi ò bú alágbo o. eGFR 29 ni mo ń ṣọ́.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ gba àwòrán náà sórí CD, ìwé èsì nìkan ò tó. Kí ẹ tó lọ rárá, ẹ tú àpótí ìwé Bàbá wò. Bóyá wọ́n ti ṣe síkáànù ikùn rí nígbà tí wọ́n ń wo ẹ̀dọ̀, àní kó jẹ́ ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i, bó ti wù kó ya tó, ẹ mú un dání. Bí kókó yẹn bá ti wà níbẹ̀ nígbà náà, tí ó sì tó sẹ̀ǹtímítà 2.8, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí n tó wo ADC kankan.